Ilé Kọkànlá

"Ẹ má tú adìẹ sílẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la o! Oníṣègùn adìẹ ń bọ̀!"

Bí Afoussath ṣe ń kéde láti ilé kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn ní Tokpota, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú. Ilé mọ́kànlá ló ń sin adìẹ ìbílẹ̀ ládùúgbò náà, Afoussath sì ni àwọn ìyá yàn ní akéde wọn. Òkunọlá oníṣègùn kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́rin. Inú yìnyín ni oògùn tó fi ń dènà àrùn ọyẹ́ tó ń pa adìẹ máa ń wà, tó bá sì ti ṣí i, ó ti bàjẹ́ kó tó di ọ̀sán. Ẹ̀kán kan lójú adìẹ kọ̀ọ̀kan, ó parí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú adìẹ tó ti jáde nínú àgò? Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tó kí akéde kígbe lójú ọ̀nà. Ó gbọ́dọ̀ wọlé, kó dúró títí onílé yóò fi sọ pé, "Mo gbọ́."

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Afoussath. Adjarra ni àwọn òbí rẹ̀ wà. Torí kọ́léèjì ni wọ́n ṣe fi í sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ tó ń pè ní Tánti. Tánti ń tajà ní ọjà Ouando, tó bá sì fi máa dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi tí kò lè sọ̀rọ̀. Nílé ìwé ńkọ́? Odindi oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó bá a jẹun rí. Ẹni tó bá ti dá jẹun láàárín ọgọ́rùn-ún èèyàn rí ló mọ bí oúnjẹ ṣe ń há lọ́fun.

Ilé kẹwàá ló ti ń jáde nígbà tí ẹnì kan pè é lórúkọ.

"Afoussath! Yára wá, a fẹ́ ya fọ́tò!"

Aïchath ni, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí gbogbo àwọn yòókù máa ń rọ̀ mọ́. Ilé kan ṣoṣo ló kù, ilé Ìyá Sikiratou, níbi tí ọ̀nà parí sí lẹ́bàá àbàtà. Arúgbó náà ń dá gbé. Adìẹ mẹ́sàn-án ló ní, orúkọ àwọn tó ti gbé ilé náà rí tí wọ́n sì ti lọ ló fi sọ wọ́n. Bí èèyàn bá dé ibẹ̀, kì í tètè kúrò. Afoussath wo ọ̀nà àbàtà, ó wo Aïchath, ó sì sáré tọ Aïchath lọ.

Fóònù ni Aïchath àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́. Òun ni kó ya àwọn. Kò sí ojú tirẹ̀ nínú fọ́tò kankan, ilẹ̀ sì ti ṣú.

"Ṣé o dé gbogbo ilé?" ni Tánti bi í nígbà tó délé.

"Mo dé gbogbo rẹ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, adìẹ Ìyá Sikiratou ti fọ́n ká sínú koríko àbàtà. Òkunọlá àti àwọn ará àdúgbò lé wọn títí, wọn kò rí ọ̀kan mú.

"Ìyá, ṣé wọn ò sọ fún yín ni?" ni Òkunọlá bi í.

"Afoussath sọ fún wọn," ni Tánti dáhùn.

Arúgbó náà wo Afoussath. Afoussath wo ilẹ̀.

"Ó lè jẹ́ pé ó sọ ọ́," ni ìyá náà wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Orí mi ni kò di nǹkan mú mọ́."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́jọ́ Ajé, Aïchath gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Láti ọjọ́ náà, Afoussath di adìẹ tó bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ó ń yẹra fún ọ̀nà àbàtà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àrùn ọyẹ́ dé. Kò pa adìẹ kankan nínú ilé mẹ́wàá. Ní ilé kọkànlá, mẹ́jọ kú nínú mẹ́sàn-án. Ìròyìn náà dé etí Sikiratou ní Parakou, ó sì wá láti mú ìyá rẹ̀ lọ.

"Ẹni tó ń gbàgbé báyìí kò lè dá gbé," ló sọ fún àwọn ará àdúgbò. "Bó bá gbàgbé iná sínú ààrò ńkọ́?"

Afoussath gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó sáré débẹ̀. Ìyá náà ti di ẹrù rẹ̀, ó jókòó lé e lórí, àgbébọ̀ kan ṣoṣo tó kù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Afoussath kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. N ò dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ náà. Irọ́ ni mo pa."

Ìyá náà bi í pé, "Lóòótọ́?"

"Lóòótọ́ ni, Ìyá."

Arúgbó náà bú sẹ́kún. "Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni mo ń ka orúkọ àwọn òbí mi, kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣì kù nínú orí mi. Adìẹ kú, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n o fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí mi lọ́wọ́ mi, ọmọ yìí."

Sikiratou tó dúró tì wọ́n bínú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló tú ẹrù náà, òun nìkan ló sì padà sí Parakou lọ́jọ́ kejì. Àwọn ìyá gba iṣẹ́ akéde lọ́wọ́ Afoussath. Tánti kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kì í sì í ṣe torí pé ó rẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, Afoussath gbé abo adìẹ kékeré tirẹ̀, ẹ̀bùn tí ìyá rẹ̀ fún un ní Adjarra, lọ sí ilé àbàtà.

"Fi àgò dé e lọ́tọ̀," ni Ìyá Sikiratou wí, kò wo ojú rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ méjì, ká tó dà á pọ̀ mọ́ tèmi."

Afoussath dé e. "Ìyá, kí la ó máa pè é? Ṣé ẹ ó sọ ọ́ ní Afoussath?"

"Ẹni tó ti lọ ni mo máa ń fi orúkọ rẹ̀ sọ adìẹ," ni arúgbó náà dáhùn. "Ìwọ ṣì wà níbí. Lọ bu omi fún un."

Nígbà tí oṣù mẹ́rin pé, akéde mìíràn ló ń kígbe ní Tokpota. Afoussath kò dúró dè é. Ilé kọkànlá ló kọ́kọ́ lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi gbọ́ "Mo gbọ́." Ó ti wá yé e wàyí pé ẹni tó bá torí àìlẹ́nìkan parọ́, ẹlòmíràn tí kò lẹ́nìkan ló máa ń ru ìyà rẹ̀, òtítọ́ tó bá sì pẹ́ kó tó dé, kì í jí òkú adìẹ, ṣùgbọ́n ó lè dá èèyàn dúró sílé rẹ̀.