Ìlà Mẹ́ta Tí Tèmidire Fi Pa Ọlọ́run Rẹ́

Iyán ń rú èéfín lórí tábìlì, gbogbo ilé sì ti di ojú. Nínú ilé wọn ní Upper Sakponba, ọmọ tó kéré jù lọ ni í gbàdúrà sí oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni kì í bu òkèlè ṣáájú àmín. Ṣùgbọ́n Tèmidire, àbíkẹ́yìn wọn, la ojú tirẹ̀ sílẹ̀ rekete.

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè gbàdúrà," ni ó wí. "Ohun tí a kò rí, kò sí. A kò rí Ọlọ́run. Nítorí náà, kò sí Ọlọ́run."

Ọ̀gbẹ́ni Akíntáyọ̀, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní àríyànjiyàn nílé ìwé, ló kọ́ ọ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ ní ìlà mẹ́ta bẹ́ẹ̀: ìpìlẹ̀ méjì, àbáyọrí kan. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí ti ń yan kiri bí adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin.

Bàbá rẹ̀, Babájídé òṣìṣẹ́ báńkì, ta gìrì, ó lajú. Màmá Àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, ló bú sẹ́rìn-ín. Ìwé kẹta ni Màmá kà mọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í sọ di orin.

"Ó mà dùn létí o. Tún un wí, ọmọ mi."

Tèmidire tún un wí. Màmá pàtẹ́wọ́ sí i:

"Ohun a ò rí, kò sí o,
Ohun a ò rí, kò sí,
Tèmidire ló kọ́ wa,
A ò ní gbàgbé láé."

"Ó di òfin ilé yìí láti òní lọ," ni Màmá wí. Ó gbàdúrà fúnra rẹ̀, wọ́n jẹun. Tèmidire rò pé òun ti borí.

Ní ọjọ́ Ajé, bàbá rẹ̀ rìnrìn àjò iṣẹ́ lọ sí Àkúrẹ́. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Tèmidire mú ìwé àṣẹ bọ̀ láti ilé ìwé. Lọ́jọ́ kejì, wọn yóò lọ bá àwọn ilé ìwé mìíràn jiyàn ní Ogbe, òun sì ni aṣáájú wọn. Ọmọ tí ará ilé rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀ kò ní wọ bọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀, tó ń ta edé ní ọjà Santana, ní òun kò jẹ́ fọwọ́ sí ohun tí ìyá ọkọ òun kò bá tẹ̀ka sí.

Ni Tèmidire bá kúnlẹ̀ níwájú Màmá. "Màmá, ẹ bá mi tẹ̀ka síbí. Ìdíje wa ni."

"Ìgbà wo ni?"

"Ọ̀la ni, mà."

"O ti rí ọ̀la?"

"Rárá, mà."

"Èmi náà ò tíì rí i. Ohun tí a kò rí, kò sí. A kò rí ọ̀la. Nítorí náà, kò sí ọ̀la. Kí ni kí n wá tẹ̀ka sí?"

"Ah, Mama, e no be like that now."

"Yorùbá ni kí o fi bá mi jà."

"Màmá, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ilẹ̀ máa mọ́."

"Mímọ̀ lo wí. Rírí ni mo bi ọ́."

Tèmidire yẹ ìlà mẹ́ta Màmá wò láti orí dé ìdí. Wọ́n tò gún régé. Olùkọ́ sì ti wí fún wọn pé bí ọ̀rọ̀ bá tò dáadáa tí àbáyọrí rẹ̀ kò dára, kí wọ́n lọ wo ìpìlẹ̀. Ìpìlẹ̀ ọ̀hún rèé, tirẹ̀ ni. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

"Màmá, ìpìlẹ̀ ni kò dára. Irọ́ ni pé ohun tí a kò rí kò sí. Èmi ni mo sì gbé e wálé."

Màmá dìde, ó jó yí àga rẹ̀ ká. Ó ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó gbé e sókè lórí ìwé náà.

"Ó dáa. Sọ pé ó ti wá dájú báyìí pé Ọlọ́run wà, kí n tẹ̀ ẹ́."

Kí ó ní bẹ́ẹ̀ ni péré ló kù. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ahọ́n Tèmidire. Ṣùgbọ́n ó mi orí.

"Màmá, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Pé àlàyé mi wó kò fi hàn pé Ọlọ́run wà. Ó kàn fi hàn pé mi ò tíì rí ẹ̀rí pé kò sí ni. Bí ẹ ò bá ní tẹ̀ka mọ́, kò burú, mà."

Màmá fa ìwé náà súnmọ́ ara rẹ̀.

"Ká ní o ti ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fi Ọlọ́run san owó ọkọ̀ lónìí, yóò tà á lọ́la." Ó tẹ̀ka náà tagbáratagbára, tàdáwà bo orúkọ olùkọ́ mọ́lẹ̀. "Èmi ò fi ìlà mẹ́ta mọ Ọlọ́run tèmi. Orin ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ìwọ máa wá a bọ̀, kì í kánjú."

Ní Ogbe lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, "Gbogbo ayé ló mọ̀ pé fóònù ń ba ọmọ jẹ́."

Tèmidire na ọwọ́. "Gbogbo ayé? Ìgbà wo lẹ bi wọ́n?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú adájọ́. Ipò kejì ni Tèmidire àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé wálé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dára kí ẹ mọ ọ̀rọ̀ tò. Ṣùgbọ́n ẹ máa yẹ ìpìlẹ̀ tiyín wò kí ẹ tó yẹ ti ẹlòmíràn wò. Bí irọ́ kékeré kan bá sì lè ṣílẹ̀kùn fún yín, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà wà ní títì.