Sìmẹ́ǹtì Lára Ilé Alágbàdo

"Islamiyat, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹlẹ́bọ́tọ màlúù ni wọ́n fi rẹ́ ilé yín ní Mọ́níyà?"

Prosper ló bi í bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì wọn ní Bódìjà. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló pa irú irọ́ yẹn fún ọ?" ni Islamiyat dá a lóhùn. "Òyìnbó ló kọ́ ilé wa. Òkúta àti sìmẹ́ǹtì ni."

"Ó mà dára o," ni Ọ̀gbẹ́ni Ayẹni, olùkọ́ wọn nínú ìtàn, wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ilé oko àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an la fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀ ní táámù yìí. Tí bàbá rẹ bá gbà, a ó wá wo tiyín."

Islamiyat mọ̀ pé irọ́ lòun pa.

Mo mọ ilé náà dáadáa, inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Sẹ̀kínátù, ìyá tó bí bàbá Islamiyat, ni ẹ̀gbọ́n mi. Òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Alágbàdo ló kọ́ ọ, bí ilé oko bàbá rẹ̀ ṣe rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó ń padà lọ, ó tà á fún bàbá wa. Amọ̀ pupa tí wọ́n fi ẹsẹ̀ pò mọ́ koríko gbígbẹ ni ògiri rẹ̀. Wọ́n a mọ ìpele kan, wọ́n a jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Òkúta wà nísàlẹ̀ kí omi má bàa fà gòkè. Òrùlé ga ṣóńṣó. Ibi ìdáná tilẹ̀ wà nínú pálọ̀, nítorí òtútù tí kò fìgbà kan dé Mọ́níyà; adìyẹ ló ń yé síbẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, gbogbo ọmọ ilé a po amọ̀ mọ́ ẹlẹ́bọ́tọ, a ó sì rẹ́ ògiri látòkè délẹ̀. Ní ìlú olótùútù tí mo wà yìí, òórùn amọ̀ yẹn ò tíì kúrò nímú mi.

Ohun tó ń ti Islamiyat lójú nìyẹn.

Bàbá rẹ̀ gbà. Ọ̀sẹ̀ tí kíláàsì ń bọ̀, Ìyá Àgbà, ìyẹn Sẹ̀kínátù tó ń gbé ilé náà, lọ kí ọmọ wọn obìnrin ní Òkè-Àdó. Islamiyat mú Mánsúrù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, lọ sí Mọ́níyà. Sìmẹ́ǹtì tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fi tún kànga ṣe wà nílẹ̀.

"Bá mi fi rẹ́ ògiri."

"Ṣé o ò gbọ́ ohun tí Ìyá Àgbà máa ń sọ ni? Wọ́n ní ògiri amọ̀ ń mí, pé ẹni tó bá fi sìmẹ́ǹtì dí i ti pa á."

"Ṣé ògiri nímú ni? Àbí o fẹ́ kí Prosper máa pè mí lọ́mọ ẹlẹ́bọ́tọ títí a ó fi jáde?"

Mánsúrù rẹ́rìn-ín. "Orúkọ yẹn kúkú bá ọ mu." Ṣùgbọ́n ó gbé ṣọ́bìrì.

Nígbà tí kíláàsì dé, Prosper fọwọ́ pa ògiri títí, kò rí àmì ẹlẹ́bọ́tọ kankan. Ojú Ọ̀gbẹ́ni Ayẹni ló rẹ̀ wálẹ̀.

"Mo ti ń retí amọ̀," ni ó wí. "Lápá kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, amọ̀ àti koríko ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé oko àtijọ́, àwọn ènìyàn ṣì ń gbé inú wọn dòní. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé ọgbọ́n wọn àti tiwa kò jìnnà síra. Islamiyat, ṣé bó ṣe wà látilẹ̀ nìyí?"

Ká ní ó sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, Mánsúrù ì bá ha sìmẹ́ǹtì náà kúrò kí òjò tó dé.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ìyá Àgbà dé, wọ́n dúró lójúde, wọ́n la ẹnu sílẹ̀. "Ta ló ṣe èyí?"

"Bàbá ni, Ìyá Àgbà. Wọ́n ní kí n má tíì sọ, pé àwọn fi ṣe yín lóore ni. Wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ dúpẹ́."

Ìyá Àgbà fọwọ́ kan ògiri náà. "Ọmọ mi ló ṣe é fún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí wọ́n ha á? Ọlọ́run á san án fún un." Wọ́n sì ṣe àdúà gígùn fún un, Islamiyat ń ṣe àmín.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì sán, omi gba ibẹ̀ wọlé, kò rọ́nà jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, bí Ìyá Àgbà ṣe ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé, ògiri yàrá wọn ya lulẹ̀ gbì. Kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ilé náà kò ṣeé gbé mọ́. Wọ́n kó Ìyá Àgbà lọ sí ilé bàbá Islamiyat ní Bódìjà, sí yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí fẹ́ǹsì aládùúgbò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà di ọwọ́ bàbá Islamiyat mú. "Má bínú, ọmọ mi. Mi ò lè tọ́jú ẹ̀bùn tí o ṣe fún mi."

"Ẹ̀bùn wo, Màmá?"

"Sìmẹ́ǹtì tí o fi rẹ́ ilé."

Bàbá wojú Islamiyat. Islamiyat kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ẹkún ń gbé e.

Ìyá Àgbà ò bú u. "Ilé lè wó," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí n máa fi irọ́ tọrọ àánú lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ẹ̀yin ọmọ, igbá tí onígbá bá pè ní àkárágbá, òun làwọn ará ìta fi ń kólẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín ẹgbẹ́ mú yín sẹ́ ohun tí àwọn baba yín fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, nítorí irọ́ kì í dá nìkan rìn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dárí jì í tipẹ́. Síbẹ̀, bí òjò bá ti ṣú ní Bódìjà, Islamiyat a fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, a lọ jókòó ti Ìyá Àgbà, kò ní lè wo ojú wọn.