Ẹni Tó Sọ̀kalẹ̀ ní Oríta Fìdítì

Pátákó kẹta nìyí tó ń sọ ohun kan náà: Ìlọrà, kìlómítà mẹ́sàn-án. Lẹ́tà funfun lórí àwọ̀ ewé, ó dúró ṣinṣin létí títì márosẹ̀ bí ẹni tí kò purọ́ rí. Olúmúyìwá wo aago iwájú mọ́tò. Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú tó ti ń sáré, Ìlọrà kò sì fi kìlómítà kan sún mọ́ ọn. Ó wo epo. Epo ń lọ ní tirẹ̀.

Ẹ̀rù kò bà á. Ẹni tó bá ti lo oru mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù n'Ìbàdàn, ẹ̀rù gan-an a máa sú u. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé bí àǹjọ̀nnú bá jáde sí i nínú igbó yẹn, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi í ni bóyá ó mọ mọ́tò wà.

Òkú ìyá rẹ̀ ló wà lẹ́yìn. Ó ti yọ àwọn ìjókòó ẹ̀yìn Síẹ́nà rẹ̀, ó gbé pósí síbẹ̀, ó fi okùn dè é. Àǹtí Dorcas, àbúrò ìyá rẹ̀, ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú. Ó ti sùn lọ, gèlè rẹ̀ ti wọ́ bò ó lójú kan. Ìlọrà ni wọ́n ń gbé Màmá lọ. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ọkọ rẹ̀, pásítọ̀ sì ti ní aago mẹ́rin lòun yóò débẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ gbẹ̀yìn kí ohùn rẹ̀ tó wọlẹ̀ kò pọ̀: "Múyìwá, gbé mi délé."

Kí wọ́n tó gbéra n'Ìbàdàn ni Bàbá Bámidélé, ẹ̀gbọ́n Màmá, ti pè é lórí fóònù láti Ìlọrà. Ojú bàbá yìí ti fọ́ láti ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn olójú kò rí, òun a máa rí i.

"Gbogbo oríta tí ẹ bá dé, sọ ọ́ fún un," ni Bàbá wí. "Ẹni tó kú sí ìdálẹ̀ kò mọ̀nà mọ́. Ibi tí o bá sọ pé ẹ dé ni yóò gbà pé ẹ dé. Orúkọ rẹ̀ ni kí o sì máa pè."

"Bàbá, orúkọ ìyá mi kẹ̀?"

"Òní nìkan. Kì í ṣe àfojúdi."

Olúmúyìwá ní òun ti gbọ́. Díákónì ni ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ títí, ṣùgbọ́n a kì í bá àgbà jiyàn lórí òkú àbúrò rẹ̀. Orúkọ yẹn ni kò lè kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, kò pe ìyá rẹ̀ lórúkọ rí. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè orúkọ ìyá lórí fọ́ọ̀mù, ṣe ló máa ń kọ ọ́ láìkà á síta. Nítorí náà, Màmá ló ń pè. "Màmá, Mọníyà nìyí o." "Màmá, Ìrókò rèé." Pósí wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ta ni ìbá tún rò pé òun ló ń bá wí?

Nígbà tó yá, ó fi eré sí i. Gbogbo pátákó tó wà létí ọ̀nà ló ń kà fún un: ti orí òkè àdúrà, ti olóṣèlú tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí oúnjẹ, ti oníṣègùn ìbílẹ̀.

"Màmá, ẹni yìí ní òun ń wo jẹ̀díjẹ̀dí sàn. Kò kàn yín mọ́."

Àǹtí Dorcas rẹ́rìn-ín títí tí omi fi dà lójú rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní gbọ́n láé." Ó nu ojú, ó sùn lọ.

Àfi bí wọ́n ṣe dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí Fìdítì. Ọyẹ́ ti gbẹ ọ̀fun Olúmúyìwá, ètè rẹ̀ ti bó. Jobele ṣì wà níwájú, àwọn oríta mìíràn ṣì wà. Ó wo pátákó, ó wo ọfà tó nà sí Fìdítì, ó sì sọ ohun tí kò yẹ kó sọ, kí ẹnu lè sinmi.

"Màmá, a ti dé Ìlọrà. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ sọ̀kalẹ̀."

Ẹ̀yìn mọ́tò fò sókè díẹ̀. Ó ní kòtò ni.

Láti ìgbà náà ni pátákó ti ń sọ kìlómítà mẹ́sàn-án. Nígbà tó rí ìkẹrin, ó tẹ bíréèkì. Pósí sún lẹ́yìn, ó lu ara mọ́tò gbà! bí àpótí tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Àǹtí Dorcas ta jí.

"Ibo la dé?"

"Ibi tí a ti wà láti ẹ̀ẹ̀kan ni, Àǹtí."

Ó bojú wẹ̀yìn, ó tẹ́tí. Ó wá rọra béèrè pé, "Múyìwá, kí lo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó sọ ọ́. Àǹtí Dorcas kò pariwo. Ó kàn tú gèlè rẹ̀, ó ká a sórí itan. "Yí mọ́tò padà."

Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n ti sá lọ. Ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n fi padà dé oríta Fìdítì.

Àwọn olọ́sàn wà lábẹ́ pátákó náà. Èyí tó wà níwájú, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Hamidah, ń wo igbá ọsàn rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá tirẹ̀ ni. Ọsàn náà tò ní ìlà-ìlà, márùn-ún márùn-ún, bí ọmọ iléèwé lórí ìlà.

"Màmá àgbà kan ló tò ó," ló wí kí Olúmúyìwá tó béèrè. "Ó bi mí pé ṣé Ìlọrà nìyí. Mo ní Fìdítì ni o, Màmá. Ó ní rárá, ọmọ òun kì í purọ́ fún òun."

"Ibo ló wà?"

"Ìdí pátákó yẹn ló jókòó sí. Èmi yíjú báyìí, n kò rí i mọ́."

Olúmúyìwá ṣí ẹ̀yìn mọ́tò. Ó mọ ohun tó yẹ kó pè. Ṣùgbọ́n àwọn olọ́sàn ti yíjú sí i, ojú mẹ́wàá, ojú méjìlá. Àgbà ọkùnrin bíi tirẹ̀, kó máa pe ìyá rẹ̀ lórúkọ láàárín títì? Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Mọ́tò jókòó. Ó tún jókòó. Táyà ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara mọ́tò kó tó dúró.

"Ṣé o pè é dáadáa?" Àǹtí Dorcas béèrè láti iwájú.

"Mo pè é dáadáa."

Pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mẹ́sàn-án di mẹ́fà, Jobele kọjá, mẹ́fà di méjì. Mọ́tò ń gun òkè bíi tírélà tó ru sìmẹ́ǹtì, Olúmúyìwá sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ní Ìlọrà, Bàbá Bámidélé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ ká kọ́tìnì sókè. Wọ́n gbé pósí wọlé, wọ́n ní ó fúyẹ́. Kọ́tìnì ṣì wà lọ́wọ́ Bàbá.

"Ẹ káàbọ̀," ló ń wí sí afẹ́fẹ́. "Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ rọra, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ẹ̀yìn yín forí gbá òpó. Ẹ káàbọ̀ o." Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí, kó tó fi kọ́tìnì sílẹ̀.

"Mẹ́jọ," ni Bàbá wí. "Múyìwá, níbo lo ti kó wọn?"

"Màmá nìkan ni mo gbé wá, Bàbá."

"Òun nìkan ni n kò rí níbẹ̀. Orúkọ wo lo pè?"

"Màmá náà ni mo pè, Bàbá."

"Ọdún márùndínlógójì ni àbúrò mi fi ṣe tíṣà," ni Bàbá wí. "Bó bá ń pe rẹ́jísítà, ẹni tí kò bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ dáhùn. Ṣé òun ni yóò wá dáhùn láìgbọ́ tirẹ̀? Àwọn tí mọ́tò pa sójú ọ̀nà yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò wá pè, àwọn ló dáhùn." Ó fa àga kan mọ́ra, ó tún wá òmíràn. "Jẹ́ kí n wá ibi ìjókòó fún wọn. Ìwọ, lọ mú ìyá rẹ wá. Aago mẹ́ta ti lù."

Olúmúyìwá nìkan ló padà sí oríta Fìdítì. Àwọn olọ́sàn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì tún yíjú sí i. Ó ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yanrìn, nítorí kò mọ bí èèyàn ṣe ń pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lórí ìdúró.

"Morìnsọ́lá," ló wí. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó tún un pè, ó ké e síta. "Morìnsọ́lá Àlàkẹ́! Fìdítì nìyí. Mo purọ́ fún yín."

Mọ́tò jókòó díẹ̀, bí ìgbà tí ìyá arúgbó kan tó rù bá rọra wọlé, tó ń ṣọ́ ìró rẹ̀ kó má baà kan ilẹ̀kùn. Olúmúyìwá gbọn yanrìn àyà rẹ̀ nù. Ó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ní báyìí, kò fo pátákó kankan. Nígbà tó kan èyí tó kọ́kọ́ yọ, ó gbé ohùn sókè.

"Morìnsọ́lá Àlàkẹ́, Jobele nìyí o. Ó ku Ìlọrà."

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Dírẹ́bà, ẹ má bínú." Ohùn ọkùnrin ni, ohùn ẹni tó ti rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. "Oorun ló gbé mi lọ nígbà tí àwọn yòókù sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá ti sin Màmá tán, Ọ̀yọ́ lèmi ń lọ."

Olúmúyìwá kò wo díńgí. Ó ní òun ti gbọ́.