Ìwé Ìdánwò Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Gíwá fúnra rẹ̀ ló tú àpò náà láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ló bá figbe ta. Ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló yẹ kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn àtijọ́ ló bá níbẹ̀. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, wọ́n ti fi awakọ̀ tó gbé àpò náà wá láti ọgbà tí wọ́n ti ṣe ìdánwò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní kó má mira.

Obìnrin ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá. Ojú-Ò-Fọ́ làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ẹnikẹ́ni ò ní láti júwe kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba náà fún un. Ọgbà mẹ́rin ló ní káàkiri agbègbè, èyí tó wà létí odò ló ti kàwé ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ nígbà tó ń fọ abọ́ jẹun. Awakọ̀ yìí, Bàbá Jẹ́jẹ́, ló máa ń dá bọ́ọ̀sì dúró dè é tí iṣẹ́ bá há a mọ́. Akọ̀wé ìdánwò ló sì gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ti kọjá. Kì í rántí àwọn méjèèjì kó má dúpẹ́. Ó ń gbàdúrà nínú pé kí ọ̀rọ̀ náà má kan ọ̀kankan nínú wọn.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó."

"Ọmọ mi, ìjókòó ẹ̀sín nìyí. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa fẹ̀yìn tì. Ṣé orúkọ olè ni kí n gbé lọ bá àwọn ọmọ-ọmọ mi?"

"Wọ́n ní ẹ pẹ́ lọ́nà lánàá."

"Táyà ló jò. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo dé ní aago márùn-ún, akọ̀wé ìdánwò gba àpò lọ́wọ́ mi, ó sáìnì. Àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀ digbí. Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi dà á o, ilẹ̀ wá ń jó mi lẹ́sẹ̀."

Ojú-Ò-Fọ́ pe olùkọ́ tó di ìwé náà lórí fóònù.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ àpò yẹn?"

"Èmi àti akọ̀wé ìdánwò. Ṣùgbọ́n wáyà lásán lè ṣí àgádágodo yẹn, mà."

"Báwo lẹ ṣe di ìwé náà?"

"Òjò ti ṣú. Mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo fi rọ́bà kan dè é, mo tì í bọ àpò."

Ó padà sídìí ìwé ìròyìn. Wọ́n ká ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìwé ìdánwò ṣe tóbi. Ó kà wọ́n: mọ́kànlélọ́gbọ̀n géérégé. Mẹ́wàá wà ní ìbú, mẹ́wàá ní òòró lórí rẹ̀, mẹ́wàá ní ìbú, ẹyọ kan dá dùbúlẹ̀ lókè. Ẹ̀rín pa á. Olè wo ló ń ka pàǹtí? Nígbà tó wọ ọ́fíìsì ìdánwò, ẹ̀rín náà gbẹ. Láti ilẹ̀ dé àjà, gbogbo ìdì ìwé tó wà lórí pẹpẹ, mẹ́wàá ní ìbú, mẹ́wàá ní òòró.

"Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, káàbọ̀," akọ̀wé wí. "Ṣé o ti mú awakọ̀ náà? Ó ṣeni láàánú. Ṣùgbọ́n wọ́n á kàn tún ìdánwò náà ṣe ni. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Ojú-Ò-Fọ́ ránṣẹ́ pe gíwá àti Bàbá Jẹ́jẹ́ wọlé.

"Ọ̀gá," ó ní, "oore yín wà lára mi. Ṣùgbọ́n Bàbá ò mọ iye ìwé tó wà nínú àpò, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ fi rọ́bà kan dì í. Ẹni tó kó ìwé ìròyìn sínú rẹ̀ kò lè ṣe é kó má kà á, kó má tò ó bí wọ́n ṣe ń tò ó níbí. Kọ́kọ́rọ́ yín lẹ fi ṣí i. Ẹ bá wa mú ìwé náà jáde. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ò lè sun ìwé ìdánwò."

 Akọ̀wé na ọwọ́ sórí pẹpẹ, ó fa ìdì kan yọ. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó pé. Ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló wà lókè.

"Mo kàn fẹ́ wo bó ṣe ṣe sí ni," ló wí.

Ojú-Ò-Fọ́ ṣí i. Ọmọ náà ò dáhùn ìbéèrè kan. Ohun tó kọ ni pé: "Ẹ̀yin olùkọ́ mi, ẹ ṣeun, ẹ gbìyànjú lórí mi. Ẹ̀jẹ̀ ń bà mí lẹ́rù, iṣẹ́ káfíńtà ni mo fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún bàbá mi. Èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́."

"Ẹ fẹ́ kí gbogbo kíláàsì tún un ṣe, kí tiẹ̀ yìí lè bá tàwọn yòókù sọnù," ni Ojú-Ò-Fọ́ wí. Akọ̀wé gbà, ó kọjú sí awakọ̀.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ fi yín ṣe ìrúbọ. Mi ò mọ̀ pé ọmọ mi ń jìyà."

"Èmi mọ̀," Bàbá Jẹ́jẹ́ dáhùn. "Inú bọ́ọ̀sì mi ló ti ń dánra wò bó ṣe máa sọ ọ́ fún yín. Òun ló kan àga ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Ẹ ò wọ̀ ọ́ rí ni."

Gíwá bẹ Bàbá Jẹ́jẹ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ojú-Ò-Fọ́ dúpẹ́ oore àtijọ́ lọ́wọ́ òun àti akọ̀wé títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó ku kí wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, akọ̀wé ní bí wọ́n bá lè ṣe é lóore, bọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì ni kí wọ́n fi gbé òun. Bàbá Jẹ́jẹ́ ló wà á, jẹ́jẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Akọ̀wé jókòó sẹ́yìn. Ó mi àga náà síhìn-ín, ó mì í sọ́hùn-ún, kò yẹ̀.

"Ọmọ mi mọṣẹ́," ó wí. "Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí n rí i."