Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Mu Omi Ugu?

Fàòsíyà jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Òjò ń rọ̀ ní Ìlódè. Wàà, wàà, wàà.

Fàòsíyà kò fẹ́ràn òjò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò ló ń bà á lẹ́rù lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

Màjídì ni orúkọ àbúrò rẹ̀. Abdulmajeed gan-an ni Áfáà sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ṣùgbọ́n ta ló ráyè pe gbogbo ìyẹn? Màjídì ni gbogbo ilé ń pè é.

Tẹ́lẹ̀, Màjídì kì í jókòó. Á sáré lọ, gìrìgìrì. Á sáré bọ̀, gìrìgìrì. Ìyá á ní, "Màjídì, jókòó." Màjídì ò ní jókòó.

Ìgbà tó yá, ibà mú Màjídì. Ibà náà lọ. Ṣùgbọ́n kò dá lọ. Ó kó ẹ̀jẹ̀ Màjídì dání lọ.

Báyìí, orí ẹní ni Màjídì wà. Kò sáré. Kò pariwo. Ó kàn ń wo àjà.

Ìyá pọn Màjídì. Fàòsíyà tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gba inú òjò lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì fi ìka fa ìpéǹpéjú Màjídì wálẹ̀. "Ìwọ náà wá wò ó," ó wí fún Fàòsíyà.

Fàòsíyà wò ó. Inú ìpéǹpéjú náà funfun. Ó funfun bí ẹ̀kọ.

"Ó yẹ kó pọ́n," nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí kò tó. Ìyá, àwọn oògùn rẹ̀ rèé. Kí ẹ tún ra ewé ugu. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ fún omi inú rẹ̀ jáde, kí ó máa mu ún láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ gbé e padà wá lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀."

"Tí ojú rẹ̀ ò bá tíì pọ́n ńkọ́?" Ìyá béèrè.

"Wọ́n á dá a dúró ní ọsibítù ńlá nìyẹn, Ìyá."

Ìyá kó àwọn oògùn náà. Fàòsíyà mọ ọsibítù ńlá.

Ibẹ̀ ni wọ́n gbé Àdìó lọ nígbà ọyẹ́. Ilé kejì ni Àdìó ń gbé, lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà, Bàbá Awóyẹmí. Àdìó àti Màjídì ni wọ́n jọ máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n gbé Àdìó lọ, Àdìó ò padà wá mọ́.

Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri Bàbá Awóyẹmí. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Òjò ń pa á.

Ìyá ra ewé ugu ní ọjà Sábó. Ó fọ̀ ọ́. Ó gé e wẹ́wẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Fọ̀ṣọ̀, fọ̀ṣọ̀, fọ̀ṣọ̀. Omi ewé ń kán sínú abọ́. Tó, tó, tó.

Àwọ̀ ewé ni omi náà ní. Ó hó lórí bí omi ọṣẹ. Ó ń rùn bíi koríko.

Ìyá bu mílíìkì sí i. Omi náà wá rí bákan.

Ìyá gbé ife dé ẹnu Màjídì. "Mu ún, ọkọ mi. Ó dùn bí oyin."

Irọ́ ni, ẹ̀yin ọmọ. Ìyá ò tíì tọ́ ọ wò. Màjídì pa ẹnu dé pinpin.

Bàbá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó jókòó ti ẹní. "Mu ún, Abdulmajeed. Ó dùn ju súìtì lọ."

Irọ́ ni. Bàbá náà ò tíì tọ́ ọ wò. Màjídì pa ẹnu dé pinpin.

Fàòsíyà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Mu ún, Màjídì. Ó dùn gan-an ni."

Kí ni ìyẹn, ẹ̀yin ọmọ? Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n. Màjídì pa ẹnu dé pinpin.

Nígbà tí ibà mú un, wọ́n ní oògùn kulorokúìnì dùn. Ó gbé e mì. Kulorokúìnì korò títí dé ọ̀nà ọ̀fun. Màjídì kéré, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé nǹkan.

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, sùúrù Bàbá tán. Ó di ọwọ́ Màjídì mú. Ìyá di imú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ rọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ ọwọ́ ní àgbo.

Màjídì jà. Kò lágbára, ṣùgbọ́n ó jà. Ó wúkọ́. Ó tu gbogbo rẹ̀ jáde, fùú. Ugu dé ara ìrọ̀rí. Ugu dé ara ògiri. Ugu dé etí Bàbá.

Màjídì ń sunkún. Ẹkún náà ò tiẹ̀ ní ohùn nínú. Ìyá gbé ife jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, Fàòsíyà sì gbọ́ tí òun náà ń sunkún níbẹ̀.

Inú Fàòsíyà bàjẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bákan náà ni. Ewé ugu, fọ̀ṣọ̀, fọ̀ṣọ̀. Omi ewé, tó, tó, tó. Ẹnu Màjídì, pinpin.

Ọjọ́ ń lọ. Ọjọ́ Ajé ń bọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Kò, kò, kò.

"Àgò onílé o."

"Àgò yà," Ìyá dáhùn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀. "Háà, Bàbá Awóyẹmí. Ẹ káàbọ̀, sà." Bàbá náà dọ̀bálẹ̀.

Láti ìgbà tí Àdìó ti lọ, Bàbá Awóyẹmí kì í yà sílé ẹnikẹ́ni. Ó jókòó. Ó wo Màjídì lórí ẹní. Ó wò ó pẹ́.

"Ṣé ó ń jẹun?" ó béèrè.

"Díẹ̀díẹ̀ ni, sà," Ìyá wí. "Omi ugu tí nọ́ọ̀sì ní kó máa mu, kò gbà á lọ́wọ́ wa. A rọ ọ́ tì."

"Ẹ má rọ ọ́ mọ́." Ohùn Bàbá Awóyẹmí rẹlẹ̀. "A rọ Àdìó. A rọ ọ́ títí, ó wá ń sá fún ọwọ́ wa. Ó ń dùn mí títí dòní."

Òjò ń rọ̀ lórí páànù.

"Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú," Bàbá Awóyẹmí wí. "Ẹ máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ má kàn rọ ọ́ ni. Fàòsíyà, bu omi fún mi mu."

Fàòsíyà bu omi nínú àmù. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife fún un.

Bàbá Awóyẹmí ò gbà á. "Ta ni yóò kọ́kọ́ mu ún?" ó béèrè.

Ojú ti Fàòsíyà. Ìyá ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbé omi fún àlejò ló ń kọ́kọ́ mu níbẹ̀. Ó yára mu díẹ̀. Gùlù.

"O káre," Bàbá Awóyẹmí wí. "Ìwọ lo bu omi, ìwọ lo mọ ohun tó wà nínú ife. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Tí mo bá ti rí i pé o mu ún, ọkàn mi balẹ̀ nìyẹn." Ó gba ife. Ó mu ún tán. Gùlù, gùlù, gùlù.

Fàòsíyà ò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó wo ife tó ṣófo. Ó wo Màjídì. Màjídì náà ò mọ ohun tó wà nínú ife ugu.

Ta ló kọ́kọ́ mu ún nínú wọn? Ìyá ò mu ún. Bàbá ò mu ún. Fàòsíyà fúnra rẹ̀ ò mu ún.

Fàòsíyà lọ gbé omi ugu. Òórùn rẹ̀ gba imú rẹ̀.

"Èmi ni màá kọ́kọ́ mu ún," ó ní.

"Bísímílà." Gùlù.

Ẹ wo ojú Fàòsíyà. Imú rẹ̀ ká jọ. Ojú rẹ̀ kan dì pa. Ètè rẹ̀ yọ síta bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ.

Màjídì gbé orí sókè. "Ṣé ó dùn?" ó béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó ti pẹ́ tó ti bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Ìyá ń ṣẹ́jú sí Fàòsíyà. Sọ pé ó dùn, sọ pé ó dùn. Fàòsíyà rí i. Ṣùgbọ́n irọ́ ti sú u.

"Kò dùn," ó ní. "Bíi koríko ló rí lẹ́nu."

"Ṣé ó korò?"

"Kò korò. Kò dà bíi kulorokúìnì rárá. Koríko ṣáá ni."

Màjídì rò ó. "Koríko tí ewúrẹ́ máa ń jẹ?"

"Òun gan-an," Fàòsíyà wí. "Mẹ̀ẹ́."

Màjídì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré báyìí ni. Kẹ́. Ìyá gbọ́ ọ, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

"Kí Ìyá náà mu ún," Màjídì wí.

Ìyá mu ún. Gùlù. Ojú Ìyá ká jọ. "Mẹ̀ẹ́," Ìyá wí.

"Kí Bàbá náà mu ún."

Bàbá mu ún. Gùlù. Bàbá ń nawọ́ wá omi. "Mẹ̀ẹ́," Bàbá wí.

Màjídì wo Bàbá Awóyẹmí. Ọmọ kékeré kì í rán àgbà níṣẹ́. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà?" ó béèrè jẹ́ẹ́.

Bàbá Awóyẹmí gba ife. Gùlù. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun tẹ́lẹ̀. Báyìí ó ti ní àwọ̀ ewé. "Mẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ́," ó ní, bí òbúkọ àgbà. Ó wá ń rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ ní àdúgbò.

"Ó kàn mí," Màjídì wí.

Kò sẹ́ni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó di imú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife. Gùlù.

Gbogbo wọn ń wò ó. Imú rẹ̀ ká jọ. Ètè rẹ̀ yọ síta. Ṣùgbọ́n ó gbé e mì.

"Lóòótọ́ ni, kò dùn," ó ní. Ó ronú díẹ̀. "Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i."

Ìyá ò dúró gbọ́ èkejì. Ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ó fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́, pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀. Ó pò ó mọ́ omi ugu.

Ta ni yóò kọ́kọ́ mu ún? Fàòsíyà ni. Gùlù.

"Ó ti ń dùn díẹ̀," ó ní. "Díẹ̀ ni o."

Òótọ́ ni, ẹ̀yin ọmọ. Òótọ́ nìyẹn. Màjídì gba ife. Gùlù, gùlù, gùlù. Ó mu ún dé ìdajì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọsàn ni wọ́n fún sí i. Nírọ̀lẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí Bàbá ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó wálé, Màjídì ní kí wọ́n bu díẹ̀ sí i fún òun. Fàòsíyà ló ń kọ́kọ́ mu ún nígbà gbogbo. Ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ká jọ mọ́.

Síbẹ̀, orí ẹní ni Màjídì wà. Kò tíì sáré. Bọ́ọ̀lù Àdìó ṣì wà nínú òjò, ẹ̀rù sì ń ba Fàòsíyà.

Ọjọ́ Ajé pé. Wàà, wàà, wàà. Ìyá pọn Màjídì. Fàòsíyà tẹ̀ lé wọn.

Nọ́ọ̀sì fi ìka fa ìpéǹpéjú Màjídì wálẹ̀. Ó wò ó. Ìyá ń wo ojú nọ́ọ̀sì.

"Fàòsíyà, wá wò ó," nọ́ọ̀sì wí.

Fàòsíyà fi ẹ̀gbẹ́ Ìyá sílẹ̀. Ó lọ. Ó wò ó.

Kò pọ́n bí ata. Ṣùgbọ́n kò funfun bí ẹ̀kọ mọ́. Ó rí bí inú gúáfà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń padà bọ̀," nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ máa gbé e lọ sílé, Ìyá. Kò sí ọsibítù ńlá fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má dá ugu yẹn dúró o."

"Alhamdulilah," Ìyá wí. Ó tún un wí. Omi ojú rẹ̀ ń bọ́ sí èjìká Màjídì.

Wọ́n ò dá ugu dúró. Òjò rọ̀, òjò dá. Oòrùn yọ ní Ìlódè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màjídì dìde lórí ẹní. Ó jáde. Ó rọra rìn dé ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé kejì. Ó dúró ti bọ́ọ̀lù Àdìó.

Bàbá Awóyẹmí jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Fàòsíyà fẹ́ fa àbúrò rẹ̀ padà. Màjídì ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà.

"Ṣé kí n gbá a, sà?" ó béèrè.

Omi bọ́ lójú Bàbá Awóyẹmí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Ó dìde. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè.

"Èmi ni màá kọ́kọ́ gbá a," ó ní.

Gbì.

Bọ́ọ̀lù ń yí lọ. Màjídì gbá tẹ̀ lé e. Ó sáré lọ, gìrìgìrì. Ó sáré bọ̀, gìrìgìrì.

Ìyá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì yọjú síta. Lọ́jọ́ náà, kò ní kó jókòó.