Aago Tí Ń Mu Òógùn

Olùkọ́ sáyẹ́nsì ju aṣọ kan sórí tábìlì, ọmọbìnrin tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Afínjú sì yára fi ọwọ́ bo imú. Aṣọ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fi nu ara ni. Ó tutù rinrin, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá.

"Ẹ má sá fún un," ni olùkọ́ wí. "Iyọ̀ inú òógùn lè mú iná díẹ̀ wá bó bá kan irin méjì tí kò jọra. Afínjú àti Aláwàdà, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa ṣojú wa níbi ìdíje sáyẹ́nsì. Ẹ ṣe aago ọwọ́ tí kò ní bátìrì, tí òógùn ẹni tó so ó á máa gbé ṣiṣẹ́."

Aláwàdà, ọ̀rẹ́ Afínjú, bú sẹ́rìn-ín. "Tó bá jẹ́ òógùn ni, bàbá rẹ nìkan á tan iná gbogbo àdúgbò!"

Iṣẹ́ búrẹ́dì ni bàbá Afínjú ń ṣe. Iwájú ààrò ló ń dúró láti òwúrọ̀. Afínjú kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n to irin pẹlẹbẹ sínú ọ̀já òwú, wọ́n so aago mọ́ ọn. Wọ́n ní láti máa fi sáré lọ́sàn-án kí wọ́n lè mọ bí òógùn ṣe ń wọ inú ọ̀já náà. Aláwàdà fi sáré fún ọjọ́ mẹ́rin, títí ọ̀já fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àmọ́ aago kò tíì tàn. Nígbà tó kan Afínjú, orí ìka méjì ló fi gbà á, bí ẹni gbé òkú eku. Ó ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Mi ò lè so ìdọ̀tí yìí mọ́ ara," ló sọ lọ́kàn. Nígbà tó délé, ó yọ bátìrì pẹlẹbẹ kan lára ohun ìṣeré àtijọ́, ó fi í sínú ọ̀já, ó rán an pa. Lọ́jọ́ kejì, aago tàn yẹ̀ẹ̀.

"Ó ti ṣiṣẹ́!" Aláwàdà fò sókè.

Olùkọ́ ní kí ẹnì kan fi ṣe iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan ná. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, bàbá Afínjú na ọwọ́. "Ẹ gbé e wá. Òógùn mi ti ń dà nù lásán tipẹ́." Afínjú wò ó bó ṣe ń so ó.

Nírọ̀lẹ́, bàbá dé, ó ń fún ojú pọ̀. "Ó ń ta mí, àmọ́ mi ò tú u, kí iṣẹ́ ọmọ mi má baà bàjẹ́."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tú ọ̀já náà nílé ìwòsàn, awọ ara bá a wá. Ihò dúdú kan ló wà níbẹ̀, ó ń hó, ó ń ṣe bí ẹ̀kọ tó ti kan. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀mú fa bátìrì náà yọ. "Ta ló rán èyí síbi tó tutù? Òógùn ló gba iná rẹ̀ wọ ara, òun ló jó ẹran."

"Èmi ni," ni Afínjú wí. "Òórùn òógùn ló ń rí mi lára, Bàbá. Ẹ forí jì mí."

Bàbá rẹ̀ yíjú sí i. "O kórìíra òógùn. Irọ́ ńkọ́? Ṣé òun ń ta sánsán ni?"

Afínjú sá jáde, ó bì síwájú ògiri. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń rí i lára lọ́tẹ̀ yìí.

Ó jẹ́wọ́ fún olùkọ́. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wọn kúrò nínú ìdíje. Aláwàdà, tó ti sáré ọjọ́ mẹ́rin lásán, kò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bàbá kò fi lè po ìyẹ̀fun, ojoojúmọ́ ni Afínjú sì ń fọ ọyún ojú egbò náà.

"Ìdíje á tún wá," ni olùkọ́ sọ fún un, "àmọ́ rántí: ẹni tó bá fi irọ́ bo iṣẹ́ tó kọ̀ láti ṣe, ara ẹlòmíràn ni irọ́ náà máa ń jó."