Èjìká Ọ̀tún

Ọjọ́ tí Hameedah kọ́kọ́ pàdé Bánjí, oorun ló ń sùn. Kì í ṣe oorun ọlọ́lá náà, ó ń hanrun.

Òwúrọ̀ Sátidé ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó níbi tó ti ń gbé àwọn arúgbó dìde láti ọdún mẹ́jọ. Dókítà ti sọ fún un pé ara rẹ̀ kì í sinmi. Ó ní kó lọ wo kíláàsì àṣàrò kan tó wà nínú gbọ̀ngàn kékeré lẹ́yìn Rye Lane, ní Peckham, London. Hameedah ní tí wọ́n bá ti lè jẹ́ kí òun jókòó, òun á lọ.

Tìmùtìmù ni wọ́n tò sílẹ̀. Bàbá mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà kan láti Táílándì, tó fá orí kodoro, ní kí gbogbo ènìyàn dijú, kí wọ́n máa ṣọ́ èémí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Hameedah ṣọ́ mẹ́ta. Ìkẹrin kò ṣojú ẹ̀ mọ́.

Nígbà tí agogo dún, orí rẹ̀ wà lórí èjìká ọ̀tún ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí, itọ́ sì ti rin ẹ̀wù onítọ̀hún.

"Yéè! Ẹ má bínú, sir. Kí ló dé tí ẹ ò jí mi?"

"Ó rẹ̀ yín, ma. Ó hàn." Ọkùnrin náà fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri. "Forty-five minutes. Mi ò tíì jókòó jẹ́ẹ́ tó báyìí rí láyé mi. I should be thanking you."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún Hameedah láìní ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Adébánjí ni orúkọ ọkùnrin náà, ẹni ọdún méjìlélógójì. Bọ́ọ̀sì ló ń wà, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń bá àwọn ẹlẹ́sìn Búdà jókòó. Hameedah náà ti pé ogójì. Kò sí ọmọdé nínú wọn, nítorí náà kò sí eré sísá. Lọ́jọ́ Sátidé tí kíláàsì bá ti parí, wọ́n á jọ rìn dé bus stop, wọ́n á sì jẹ́ kí bọ́ọ̀sì méjì-mẹ́ta kọjá.

"Búdà ní ayé ò jókòó dáadáa," ni Bánjí wí lọ́jọ́ kan. "Dùkkha ni wọ́n ń pè é. Bí ìgbà tí táyà bọ́ọ̀sì ò wọ ibi tó yẹ kó wọ̀. Ọkọ̀ á máa lọ o, but á máa há, gbogbo èrò inú ẹ̀ á sì mọ̀ ọ́n lára."

"Àárẹ̀ lásán nìyẹn. Kí ló ń fà á?"

"Ohun tí ò lè dúró, a fẹ́ kó dúró. A wá dì í mú."

"Ṣé ó lóògùn?"

"Kéèyàn jáwọ́ ni. Ọ̀nà wà fún un, ṣùgbọ́n ó jìn."

"Ẹni tó ń ṣe double shift ò ráyè ọ̀nà jíjìn, olólùfẹ́ mi."

Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Bọ́ọ̀sì kẹrin kọjá.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Hameedah gbé mọ́ínmọ́ín wá. Ó kúnlẹ̀ níwájú Bánjí lójú gbogbo Peckham, pẹ̀lú ẹ̀rín, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Bánjí náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ìka wọn sì pẹ́ lára ara wọn.

"Mo ní láti sọ nǹkan kan fún ẹ, ọ̀wọ́n mi," ni Bánjí wí nígbà tó jẹ ẹ́ tán. "Kí n tó mọ̀ ẹ́ ló ti ń wù mí láti di mọ́ńkì, wọn kì í sì í fẹ́yàwó. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

Hameedah gbọ́, àmọ́ kò gbà á sí nǹkan kan. Lójú tirẹ̀, ilé àti ọbẹ̀ gbígbóná á wo ìyẹn sàn.

Àwọn ẹbí ni wọn ò gbà. Màmá Bánjí jẹ́ deaconess nínú ìjọ kan tó ń ṣe ìsìn nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ní Old Kent Road. "Ọmọ Àlhájì kẹ̀?" ni wọ́n wí. "Kí ni kí n wí fún pastor? Lai-lai!" Habeebullah, ẹ̀gbọ́n Hameedah, náà kò fi bò. "Ká ní Kristẹni lásán ni, à bá ní kó wá gba kàlímà, kó di Mùsùlùmí. Kristẹni tó tún ń jókòó fún Búdà! Sister mi, which one do I tell the Imam?"

Bánjí kò bá ẹnikẹ́ni jà, ìyẹn ló sì dun Hameedah jù. Bí wọ́n ṣe ń pàdé ní bus stop nìyẹn fún odidi ọdún kan, bí ẹni tó ń dúró de ohun tí kò ní dé. Nígbà tó yá, Bánjí ní òun ti kọ̀wé sí ilé àwọn mọ́ńkì tó wà lẹ́yìn odi London.

"Ẹ̀rù ò bà ẹ́ láti sọ ọ́ fún mi?"

"Ó ń bà mí. Mo sì ń sọ ọ́ fún ẹ."

Òfin àwọn mọ́ńkì ni pé tí òbí ẹni bá ṣì wà láàyè, wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kéèyàn tó wọ aṣọ náà, ì báà jẹ́ àgbàlagbà tó ti hewú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bánjí bẹ màmá rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè kan, màmá yìí kan náà gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́rin ní Aylesbury Estate, nítorí lift ti bàjẹ́, wọ́n sì kan ilẹ̀kùn Hameedah.

"Mummy! Ẹ káàbọ̀ ma." Hameedah kúnlẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n pè é ní ọmọ. Wọ́n ń mí helehele. "Mo ti gbà. Ẹ fẹ́ ara yín. Kódà tó bá jẹ́ mọ́sáláṣí lẹ ti fẹ́ ṣe é, màá wé gèlè, màá wá. Ṣáà bá mi dá a dúró. Ìwọ wí pé kó má lọ, èmi náà ò ní fọwọ́ sí i. They can't take him without me. Ọwọ́ ẹ ló wà báyìí."

Ohun tí Hameedah ti fi ọdún kan gbàdúrà fún ló jókòó sórí àga rẹ̀ yẹn, tó ń nu òógùn. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Àárẹ̀ nìkan ló rí nínú ara rẹ̀. Ó ní kí Mummy fún òun dọjọ́ Sátidé.

Màmá òyìnbó kan wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ tí kì í fẹ́ kó lọ tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Á di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, Hameedah á sì máa tú ìka màmá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa sọ fún un pé òun ń bọ̀. Láàárọ̀ Sátidé yẹn, ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ojú ibẹ̀ ti pọ́n.

"Tí mo bá ní kó o dúró," ló bi Bánjí ní bus stop, "ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ, ọkàn mi. Tinútinú. Màá tọ́jú ẹ, mi ò sì ní jẹ́ kó o mọ̀ láéláé."

"Kí n mọ kí ni?"

Bánjí dì í lọ́wọ́ mú. Bọ́ọ̀sì dé, Hameedah sì wọ èyí àkọ́kọ́ tó dé.

Ilé Mummy ló gbà lọ tààrà. "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ fọwọ́ sí i."

Màmá bú sẹ́kún. "Ṣé o ò fẹ́ràn ẹ̀ ni?"

"Mo fẹ́ràn ẹ̀, ma. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an." Òun náà wá ń sunkún. "Ṣùgbọ́n tó bá dúró, èmi ni màá máa ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn látàárọ̀ ọjọ́, Mummy. Ó ti rẹ̀ mí."

Bánjí lọ. Ó wọ aṣọ funfun fún ọdún kan, bí ìlànà wọn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Nígbà tó wá wọ aṣọ mọ́ńkì gan-an, àwọn obìnrin méjèèjì jọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wò ó, pẹ̀lú kúlà ìrẹsì kan. Mummy fẹ́ yà ra omi ní ibùdókọ̀.

"Mummy, ẹ jẹ́ ká máa lọ! Wọn kì í jẹun mọ́ tí aago méjìlá ọ̀sán bá ti kọjá."

"Irú ilé wo nìyẹn?" ni Mummy ń kùn, ṣùgbọ́n wọ́n yára.

Wọ́n bá àwọn ènìyàn lórí ìlà, olúkúlùkù lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ lọ́wọ́. Bánjí jókòó síwájú, orí rẹ̀ ń dán, aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ ló ró. Ó bo èjìká òsì, ó dá ti ọ̀tún sí. Hameedah mọ èjìká náà.

Mummy dúró gbagidi pẹ̀lú kúlà. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n bí? Hameedah rọra gba kúlà lọ́wọ́ wọn, ó kúnlẹ̀ lórúkọ àwọn méjèèjì, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án síwájú, bó ṣe ń ṣe ní bus stop.

Bánjí kò na ọwọ́. Aṣọ kékeré kan ló tẹ́ síwájú ara rẹ̀, ó di etí aṣọ náà mú. Mọ́ńkì kì í gba nǹkan lọ́wọ́ obìnrin tààrà. Ó wo ojú Hameedah, ojú tirẹ̀ náà sì pọ́n.

"Ṣé oorun ń kùn yín, ma?" ló béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó ń kùn mí, sir."

Hameedah gbé kúlà náà sórí aṣọ. Ó wá tú ìka ara rẹ̀ kúrò lára kúlà náà, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n lu agogo, gbogbo ènìyàn dijú. Mummy sùn lọ, orí wọn sì wá sinmi sórí èjìká Hameedah. Hameedah kò mira. Ó ṣọ́ èémí kan, ó ṣọ́ ìkejì, ó ṣọ́ ìkẹta. Ìkẹrin náà ṣojú ẹ̀.